Ẹni Tó Wà Nídìí Ìwẹ̀ Irin

Iṣẹ́ tí mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe kò ní orúkọ tó yá lẹ́nu. Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé mo ń bọ́ àwọ̀ fàdákà lára irin, wọn a ní, "Ẹ̀ ń kùn ún, àbí?" N ó ní rárá. Àwọn kan ló ń wọṣọ fún irin. Èmi ni mo ń bọ́ ọ sílẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe olùkọ́ ní Gbọ̀ngán ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tó ń jáde ìwé lọ́dọ̀ òun kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju èyí tí wọ́n rí lórí fóònù lọ. N kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ohun tí ojú mi rí ni n ó kọ, n kò ní bù mọ́ ọn.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi ní Ararọ̀mí-Òwu. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí n tó wọ kíláàsì kìíní. Àwọn tí a jọ jókòó kò ga dé èjìká mi. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi wá sí Ìkirè sọ́dọ̀ Ọ̀gá Rájí. A fún wọn ní ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, a ṣàdúrà, ó parí.

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àpòmù. Wọ́n ń gba ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, ife ẹ̀yẹ, rímù alùpùpù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n ni ti ọkọ̀ kéékèèké onírin, irú èyí tí àwọn olówó máa ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Ọkùnrin kan ní Ìbàdàn ń ra èyí tó ti bàjẹ́ nínú wọn, ó ń tún wọn ṣe, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ló sì ń kó ẹ̀yà ara wọn wá: bọ́ńpà, ojú iwájú, ìdérí táyà. Bí àwọ̀ fàdákà ara wọn bá ti wú, tó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, kò sí ọ̀dà tó lè lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. A ní láti bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Irin wọn kì í ṣe irin gidi. Síńkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n dà á sínú mọ́ọ̀dù. Òòfà kì í gbé e. Ó rọ̀. Áásìdì tó ń jẹ àwọ̀ ara rẹ̀ lè jẹ òun náà tán. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń pọn omi tí mo sì ń ṣa irin. N ó fi òòfà kàn án, n ó fi ìṣó ha abẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò lè rí, n ó gbé e wò lọ́wọ́ bóyá ó wúwo. Èyí tó jẹ́ irin gidi á lọ sọ́tùn-ún, èyí tó rọ̀ á lọ sósì. Bí Ọ̀gá bá rí ẹyọ kan tó ṣìnà, wọn a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà, wọn a ní, "Tún un ṣe." Lọ́jọ́ kan mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn kì í nani. Ọ̀gá tó bá na ọmọ iṣẹ́, ọmọ á sunkún, ọ̀rọ̀ á tán. "Tún un ṣe" kì í tán.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n sún mọ́ abọ́ áásìdì, tí a ń pè ní ìwẹ̀, wọ́n ní kí n dijú kí n fetí sílẹ̀. Ọ̀gá kì í fi aago ṣiṣẹ́. Bí ìwẹ̀ bá ń hó wínníwínní bí òjò orí ewé kókò, àwọ̀ ló ń jẹ. Bí ohùn náà bá nípọn, tó ń dún pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ bí ẹ̀kọ lórí iná, ó ti jẹ àwọ̀ tán, irin fúnra rẹ̀ ló kàn. Láti ìgbà tí ohùn bá ti nípọn, kò ju kí ènìyàn ka oókan dé ogún lọ. Ẹni tí kò bá gbé e jáde sínú omi lásán láàárín ogún yẹn, ó kú sí i lọ́wọ́.

Nítorí náà ni Ọ̀gá ṣe ní òfin kan tó ju gbogbo òfin lọ: ẹni tó wà nídìí ìwẹ̀ kì í jẹ́ ìpè. Ẹnikẹ́ni ì báà pè ọ́, ìwọ kò gbọ́. O kò ní bàbá, o kò ní ìyá, títí irin yóò fi jáde.

Ìyá mi ni a kọ́kọ́ fi dán mi wò. Wọ́n wá láti Ararọ̀mí lọ́jọ́ ọjà, wọ́n dúró lẹ́yìn mi.

"Gbádébọ̀."

N kò dáhùn.

"Gbádébọ̀ ọmọ mi, èmi ni."

Mo ń wo abọ́. Ìyá mi yíjú sí Ọ̀gá. "Kí lẹ fún ọmọ mi jẹ tó fi yadi?"

"Iṣẹ́ ni, Ìyá," ni Ọ̀gá wí. "Ó ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́."

Ìyá mi jókòó lórí jálá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí mo fi ṣe tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ròyìn fún gbogbo Ararọ̀mí pé etí mi ti ń di.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin mo gba ìyọ̀ǹda, Ọ̀gá sì ní kí n dúró ti àwọn. Àsìkò yẹn ni mo padà sílé ìwé. Wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìrọ̀lẹ́ ní Àpòmù, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìṣirò kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Fúnkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wo ọwọ́ mi tí áásìdì ti bó.

"Bùrọ̀dá Gbádébọ̀, ṣé ọwọ́ yìí náà lẹ fi ń jẹun?"

"Ó máa ń rí ẹnu, tíṣà."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ. Ọdún kan àbọ̀ kọjá kí n tó lè sọ èyí tó kù. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, "Mo ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Tèmi kò le. Bàbá mi ló kù."

Awakọ̀ ni Bàbá Fúnkẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi gbé kòkó láti Gbọ̀ngán lọ sí Èkó, wọn kò fi lọ́rì kan igi, wọn kò fi kan ènìyàn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, iléeṣẹ́ wọn fún wọn ní lọ́rì kékeré onírin kan, gígùn rẹ̀ kò ju láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka lọ, àwọ̀ fàdákà ló bo ara rẹ̀. Orí rédíò ló ń jókòó nínú pálọ̀ wọn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń nù ún. Ṣùgbọ́n àwọ̀ náà ti ń wú, ìyẹ̀fun funfun bí láfún ti ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá bọ́ ọ kúrò, yóò jẹ irin náà láti inú.

Bàbá sọ fún Fúnkẹ́ pé, "Ọkùnrin tó ní òun fẹ́ ọ, ṣé irin ló ń wẹ̀? Ó dáa. Kó wẹ tèmi. Kí n rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí n tó fún un lọ́mọ."

Fúnkẹ́ fi aṣọ wé e, ó gbé e wá. Mo tú u sí ẹ̀yà márùn-ún: ojú iwájú, bọ́ńpà méjì, táǹkì epo, àti orí rẹ̀ níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Mo mọ̀ dájú pé bí lọ́rì yẹn bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ti pàdánù Fúnkẹ́.

Ojú iwájú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín bí eyín òòyà. Ọ̀gá ti lọ gba ẹrù kan ní Asejire, èmi nìkan ni mo wà nílẹ̀. Ìwẹ̀ ti ń hó wínníwínní, mo ti di ẹ̀mú mú, mo ń retí kí ohùn yí padà. Mo gbọ́ ohùn mìíràn lẹ́yìn mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o."

Mo mọ ohùn náà, Bàbá Fúnkẹ́ ni. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti dìde nídìí ìwẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàsán, sà."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́, sà."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ará Ararọ̀mí-Òwu ni."

"Wọ́n wà, sà."

"Kòkó ọdún yìí ńkọ́? Ó so?"

"Ó so díẹ̀, sà."

Wọn kò tíì ní kí n dìde. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè ní kí ló dé tí n kò kàn dìde. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ di àna rẹ̀ kì í gbé ara rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní láti sọ ọ́. Àyà mi wà lórí eruku, etí mi wà lẹ́yìn mi lọ́dọ̀ abọ́.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Mo mọ ìdílé kan níbẹ̀, àwọn tó ní ilé alájà lẹ́bàá odò. Ẹbí yín ni?"

"Rárá, sà."

"Ènìyàn dáadáa ni wọ́n o. Bàbá wọn ló bá mi yí táyà nígbà kan, nínú òjò."

Ìgbà yẹn ni ohùn ìwẹ̀ nípọn. Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ orúkọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú mi. Mo ka ogún. Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ táyà. Mo ka ogún kejì. Mo ka ìkẹta.

"Dìde, ọmọ mi. Lọ́rì mi ńkọ́?"

Mo gbọn eruku àyà mi. "Ó ń lọ dáadáa, sà."

Inú wọn dùn, wọ́n lọ. Nígbà tí mo ti ẹ̀mú bọ abọ́, ohun tó jáde dà bí àkàrà tí eku ti jẹ. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú gbogbo rẹ̀, nígbà tí mo sì fọwọ́ kàn án, ó dá.

Ìyá tó bí mi ni n kò dá lóhùn o. Ẹni tí mo fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo dá lóhùn.

Ọ̀gá dé, wọ́n wo ohun tó wà lórí tábìlì. Wọn kò pariwo.

"Ta ló wá?"

"Bàbá Fúnkẹ́ ni, sà."

"O sọ fún wọn?"

"Mo ní ó ń lọ dáadáa, sà."

"Tún un ṣe."

"Kò sí ohun tí a lè tún ṣe lára rẹ̀ mọ́, sà."

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ ni mo wí. Lọ tún un sọ. Má wọ ọkọ̀."

Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé wọn ní Àpòmù. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n mo dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá wà nínú pálọ̀, Fúnkẹ́ ń ṣe máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mo tú áńkáṣífì tí mo di irin náà sí níwájú wọn.

"Kí lèyí?"

"Ojú iwájú lọ́rì yín ni, sà."

Wọ́n gbé e, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Ọgbọ̀n ọdún. Mi ò fi kan igi." Wọ́n gbé e kalẹ̀. "O ní ó ń lọ dáadáa."

"Mo purọ́, sà."

Fúnkẹ́ gbé bírò sílẹ̀.

"Kí ló mú ọ kúrò nídìí rẹ̀?"

"Mo dìde kí ẹnìkan, sà."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dìde."

Wọ́n tún gbé irin náà wò. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ga.

"Mo wakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá tó bí mi rí, lójú títì Gbọ̀ngán. Wọ́n juwọ́ sí mi. Òjò ń rọ̀, ọ̀nà ń yọ̀, kòkó kún ẹ̀yìn mi. Mi ò juwọ́. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi bínú sí mi. Ta ló ní kí o dìde kí mi?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, sà."

"Ẹni tí ẹ̀rù èmi lásán bà tó báyìí, kí ni yóò ṣe níbi tí ẹ̀rù gidi bá wà?" Wọ́n nawọ́ sí mi. "Ẹ̀yà mẹ́rin ló kù. Ojú mi ni wàá ti ṣe wọ́n. N ó máa pè ọ́. Ọjọ́ tí o bá dá mi lóhùn nídìí abọ́ yẹn, n ó kó lọ́rì mi, ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà yìí mọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Fúnkẹ́ wí.

"Máa ṣe máàkì ìwé rẹ, tíṣà."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sátidé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Bàbá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, ọ̀pá wọn lọ́wọ́. Ní ti bọ́ńpà kìíní, orúkọ mi ni wọ́n ń pè. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n yíjú sí Ọ̀gá.

"Ṣé etí tí wọ́n ń lò ní Ararọ̀mí nìyí, àbí ti igi ni wọ́n gbẹ́ mọ́ ọn lórí?"

Ọ̀gá ní, "Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, Bàbá."

Ní ti bọ́ńpà kejì, wọ́n ti lọ wádìí oríkì mi. "Àkànní," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́, bí ìyá mi ṣe ń pè é láàárọ̀. "Àkànní mi. Àkànní ọmọ Òwu." Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí oríkì ń ṣe nínú ara. Ojú mi pọ́n, mo di ẹ̀mú mú. Irin jáde, ó mọ́.

Ní ti táǹkì epo, wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé wọ́n ti sùn. Lẹ́ẹ̀kan náà wọ́n fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ejò. Gbádébọ̀, ejò wà lẹ́sẹ̀ rẹ." Ohun kan kan ọrùn ẹsẹ̀ mi. Òógùn bò mí, ṣùgbọ́n n kò gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo gbé táǹkì sínú omi tán, mo wo ilẹ̀. Ìdí ọ̀pá wọn ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ó ku orí. Orí ló tóbi jù, òun ló sì le jù, nítorí ó nípọn níbi kan, ó fẹ́lẹ́ níbi kan. Lọ́jọ́ náà Ọ̀gá lọ sí ìsọmọlórúkọ. Bàbá tètè dé.

"Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan, àfi oògùn àárọ̀ mi," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ kí a parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú."

N kò fọkàn sí i. Mo mọ̀ pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, Fúnkẹ́ ti sọ ọ́ fún mi rí. Ìwẹ̀ nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mo ti orí lọ́rì bọ inú abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Bàbá pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn wọn le. Wọ́n tún pè mí, ohùn náà kò le mọ́.

"Àkànní."

Mo ń wo abọ́.

"Àkànní. Omi."

Mo rántí ejò. Mo sọ fún ara mi pé ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n tún mú dé. Mo gbọ́ tí bẹ́ǹṣì han. Mo gbọ́ tí ọ̀pá wọn ṣubú lulẹ̀, tó yí, tó dúró. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi ìwẹ̀ tó ń hó wínníwínní, tí kò tíì yí ohùn padà.

Bí mo bá yíjú, tó sì jẹ́ ẹ̀tàn, ó parí láàárín èmi àti Fúnkẹ́. Bí n kò bá yíjú, tí kì í sì í ṣe ẹ̀tàn, kí ni n ó wí fún Fúnkẹ́? Mo fetí sílẹ̀ fún èémí wọn. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ń fà, ó ń dúró, ó tún ń fà. Bàbá mọ ohùn-ún ṣe, ṣùgbọ́n n kò rò pé ènìyàn lè fi èémí tan èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ gbígbọ́.

Mo ti ẹ̀mú bọ abọ́. Mo gbé orí lọ́rì jáde, mo gbé e sínú omi, mo yí i lẹ́ẹ̀kan kí áásìdì lè ṣàn kúrò. Kò ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ó gùn lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú.

Bàbá ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nílẹ̀. Òógùn ti mu aṣọ wọn, ojú wọn là ṣùgbọ́n kò wo ibì kan. Mo ké sí ìyá tó ń ta ohun mímu lódìkejì ọ̀nà. Ó gbé mínírà sáré wá. Mo gbé orí Bàbá lé itan mi, mo ń fi ìdérí ìgò kán an sí wọn lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àpòmù ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní súgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló já wálẹ̀. Ó ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo kó lọ́rì náà lọ sí Àpòmù. Bàbá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, Fúnkẹ́ dúró lẹ́bàá fèrèsé.

"Mo pè ọ́, o dá mi lóhùn," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni mo ní n ó ṣe?"

"Ẹ ní ẹ máa kó lọ́rì yín, sà. Mo ti kó o wá."

Mo tú aṣọ. Òkè orí lọ́rì náà ti mọ́ dé ìdajì. Apá ọ̀tún rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ fàdákà lára, ó rí ṣákaṣàka. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa á.

"Èyí kò parí."

"Mo yọ ọ́ kí àkókò rẹ̀ tó pé, sà."

"Kí o tó yíjú sí mi, àbí lẹ́yìn tí o yíjú?"

Mo wo Fúnkẹ́. Fèrèsé ló ń wò. Irọ́ wà nílẹ̀ tí mo lè pa, kò sì sí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n mo ti pa ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti mọ ọ̀nà tí mo fẹsẹ̀ rìn nítorí rẹ̀.

"Kí n tó yíjú ni, sà."

"Mo wà nílẹ̀, o ń yọ irin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Fúnkẹ́ yíjú sí mi nígbà náà. N kò lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Bàbá gbé orí lọ́rì lé àyà wọn.

"Fúnkẹ́, fetí sílẹ̀. Awakọ̀ tí aya rẹ̀ bá ń rọbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í fò jáde nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Á kọ́kọ́ páàkì. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Lọ́jọ́ kìíní, èyí fò jáde. Lánàá, ó páàkì."

"Bí ẹ bá sì ti kú kó tó páàkì tán ńkọ́, Bàbá?"

"Lọ́rì ì bá ṣẹ́kù fún ọ."

Fúnkẹ́ pòṣé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bá a. Mo bi Bàbá bóyá kí n gbé orí náà padà lọ parí rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ararọ̀mí ni kí o lọ. Lọ pe àwọn ẹbí rẹ wá."

Bí mo ṣe fẹ́ Fúnkẹ́ nìyẹn. Títí ọjọ́ ìgbéyàwó, "tíṣà" ni mo ń pè é.

Lẹ́yìn ìgbà náà Ọ̀gá kú, mo gba ṣọ́ọ̀bù. Irinṣẹ́ sì yí padà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpótí iná: a ó so irin kọ́ wáyà nínú omi tí kò le tó áásìdì, iná ni yóò sì bọ́ àwọ̀ rẹ̀. Kì í dún. Abẹ́rẹ́ orí àpótí ló ń wálẹ̀ bí àwọ̀ bá ti tán. Mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí etí tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ kò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, tí ẹni tó ni ẹrù sì dúró sí ẹnu ọ̀nà, abọ́ àtijọ́ ni mo ń padà sí.

Ní báyìí, oníke ló pọ̀ nínú ẹ̀yà ara ọkọ̀ kéékèèké náà. Bílíìsì tí a fi ń fọ aṣọ funfun tó láti bọ́ ìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé bọ́ńpà onírin wá lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, mo rí i lórí fóònù pé kí a rì í sínú áásìdì mọ́jú." Mo ní, "Rì í. Kí o wá fi ṣíbí bù ú lọ́la." Ó gbé e fún mi.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ: ẹ wọ ìbòmú. Aṣọ lásán ni Ọ̀gá ń so mọ́mú, ikọ́ ló pa wọ́n. Aṣọ lásán ni èmi náà so fún ọdún púpọ̀, nítorí ọ̀gá mi so ó. Dókítà ní Ìbàdàn ló ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, n kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, irin ni mo fi ẹ̀sọ̀ mú, n kò fi mú èémí mi.

Fúnkẹ́ kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. N kò ní kọ ti àìsàn rẹ̀ síbí. Ní gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀, kò pè mí nídìí ìwẹ̀ rí. Bó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, á wá dúró níbi tí òjìji rẹ̀ yóò ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, á sì dúró jẹ́ẹ́. N ó yọ irin, n ó gbé e sínú omi, n ó yíjú.

Ọjọ́ tí mo máa ti ṣọ́ọ̀bù pa lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀yà kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, ìdérí táyà kékeré kan. Iná ti lọ, abọ́ àtijọ́ ni mo fi ṣe é. Nígbà tí ohùn rẹ̀ fẹ́ nípọn, mo yọ ọ́, mo gbé e sínú omi, mo yíjú síbi tí Fúnkẹ́ máa ń dúró sí.